Ife ẹ̀yẹ Durand ti Íńdíà ti wà láti 1888. Kí ló dé tí tiwa kì í pẹ́?

ỌmọỌ̀mùò kọ ọ́ pé:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀mùò ni mò ń gbé. Àwọn àgbà àdúgbò wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pe èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi kan pé kí a jí ìdíje bọ́ọ̀lù tí wọ́n máa ń gbá nígbà ọdún ìjẹṣu dìde. Ẹni tó dá a sílẹ̀ nígbà náà, ipò ló ń wá. Ó ra kọ́ọ̀pù ràgàjì, ó ra jẹ́sì tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí lẹ́yìn, ó pa màlúù. Nígbà tí ìbò kò gbè é, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Kọ́ọ̀pù náà gan-an, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wọlẹ̀ sí.

Ohun tó gbé mi dé ibí ni pé níbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Sátidé, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe sọ pé ife ẹ̀yẹ kan wà ní Íńdíà tí àwọn òyìnbó dá sílẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá àwọn bàbá wa, pé wọ́n ṣì ń gbá a títí di òní. Gbogbo wa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Íńdíà tí àwa mọ̀, kíríkẹ́ẹ̀tì àti fíìmù ni. Ó ní ká lọ wò ó, Durand Cup ni wọ́n ń pè é. Mo wò ó lórí fóònù, mo rí 1888, ẹnu yà mí.

Ìbéèrè mi rèé: ọwọ́ ta ni kọ́ọ̀pù yẹn wà? Ta ló ń náwó sí i? Báwo ló ṣe la ogun já, tí òyìnbó kó ẹrù wọn lọ tí kò sì bá wọn lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa ni kó dáhùn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi gbéra ga o, mo fẹ́ mọ ohun tí a máa ṣe sí tiwa ni.

Alájẹ́sì Ado:

Ẹ̀yin ará Ọ̀mùò, ẹ yẹ orí tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀ àwọn ọmọ onítọ̀hún wò. Ibẹ̀ ni kọ́ọ̀pù ìlú púpọ̀ ní Ekiti yìí ti ń kó eruku. Ọ̀rọ̀ ti Íńdíà, mò ń retí Tísà.

Tísà Eré, Ìkẹ́rẹ́:

Mo ti dé. Ọmọ Ọ̀mùò, o kú ìbéèrè. Fún àwọn tí kò bá mọ̀ mí, olùkọ́ eré ìdárayá ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo máa ń gbá nígbà tí orúnkún ṣì ń gbọ́ràn. Mo ti ṣe rẹfirí fún irú ìdíje tí ò ń sọ yìí káàkiri, láti Ìgèdè títí dé Ọ̀tun, mo sì ti sin púpọ̀ nínú wọn.

Durand kì í ṣe orúkọ ìlú. Òyìnbó ni, Henry Mortimer Durand. Íńdíà gan-an ni wọ́n ti bí i ní 1850, òun ló sì ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún ìjọba òyìnbó tó wà níbẹ̀ láti 1884 títí dé 1894. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbọ́ nípa ààlà Afghanistan àti Pakistan tí wọn kò yé jà lé lórí, òun náà ló bá ọba Abdur Rahman ṣe àdéhùn ìlà yẹn ní 1893. Ìlà kan àti ife ẹ̀yẹ kan ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dòní. Ẹ̀yin náà mọ èyí tí mo fẹ́ràn nínú méjèèjì.

Shimla, ní Íńdíà, ni ife ẹ̀yẹ náà ti bẹ̀rẹ̀. Orí òkè ni ìlú yẹn wà. Bí ooru bá ti mú ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn aláṣẹ òyìnbó máa ń sá lọ, tàwọn ti fáìlì ìjọba. Ẹni tó bá ti sun Ẹfọ̀n Aláayè mọ́jú nígbà ọyẹ́, kó fi yìnyín kún un, ó ti rí Shimla. Ara Durand kò dá, ó wá gba atẹ́gùn níbẹ̀, ló bá fi ife ẹ̀yẹ kan kalẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun lè máa fi bọ́ọ̀lù dán ara wọn wò. Pápá kan tí wọ́n ń pè ní Annandale, ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan láàárín àwọn òkè yẹn, ni wọ́n ti gbá a. Royal Scots Fusiliers, ikọ̀ ọmọ ogun òyìnbó kan, ló gba ti àkọ́kọ́ ní 1888, wọ́n fi góòlù 2 sí 1 na Highland Light Infantry. Ọmọ Scotland ni ìkíní kejì.

Wàyí o, ibi tí mo fẹ́ kí o fi etí sí jù rèé. Àṣà ayé ìgbà náà ni pé ẹni tó bá gba kọ́ọ̀pù lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra, ó di tirẹ̀ pátápátá. Highland Light Infantry tí wọ́n nà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn padà wá gba ti 1893, 1894 àti 1895. Wọ́n gbé kọ́ọ̀pù lọ sílé. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ṣe òmíràn. Black Watch, ikọ̀ ọmọ ogun mìíràn, gba ti 1897, 1898 àti 1899, àwọn náà gbé tiwọn lọ. Wọ́n tún ṣe òmíràn! Láàárín ọdún méjìlá, kọ́ọ̀pù méjì ló ti kúrò nílẹ̀, ìdíje kò mì. Tiwa ńkọ́? Ẹnì kan á jókòó lé kọ́ọ̀pù kan ṣoṣo, ìdíje á kú, a ó sì máa sọ pé ẹni yẹn ló pa á. Kò sẹ́ni tó pa á. Kò fìgbà kan jẹ́ ti ìlú ni, ti ẹni tó ra kọ́ọ̀pù ni.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè rẹ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iléeṣẹ́ ológun ló ni Durand. Ọ̀gá kan á lọ, òmíràn á bọ́ sípò, ìwé á wà ní ọ́fíìsì, ẹni tó ń bọ̀ á bá iṣẹ́ nílẹ̀. Durand fúnra rẹ̀ kúrò ní Íńdíà láyé ọjọ́un, wọn kò tilẹ̀ nílò rẹ̀ mọ́. Nígbà tí òyìnbó ń lọ, àwọn ológun Íńdíà bọ́ sí i. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kan tó ń darí rẹ̀, Durand Football Tournament Society, inú iṣẹ́ ológun náà ló sì wà.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ pé kò dáwọ́ dúró rí. Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ dá a dúró láti 1914 títí dé 1919. Wọn kò gbá a ní 1939. Láti 1941 títí dé 1949, kò sí. Ní 1962 tí Íńdíà àti Ṣáínà kọjú ìjà síra wọn, kò sí. Ìgbàkigbà tó bá sì dákẹ́, ẹnì kan ṣì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tún un bẹ̀rẹ̀.

Ní 1940, wọ́n gbé e kúrò ní Shimla wá sí Delhi. Títí di ọdún yẹn, ọmọ ogun òyìnbó ló ń gbà á ṣáá. Mohammedan Sporting wá ti Calcutta dé, ìlú tí wọ́n ń pè ní Kolkata báyìí, ẹgbẹ́ tó ti gba líìgì Calcutta lẹ́ẹ̀marùn-ún léra láti 1934 títí dé 1938. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, wọ́n pàdé Royal Warwickshire Regiment nínú àṣekágbá, ní pápá Irwin Amphitheatre. Wọ́n fi góòlù 2 sí 1 nà wọ́n. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Íńdíà gba ife òyìnbó lójú òyìnbó, láàárín Delhi! Orúkọ Dhyan Chand, ọkùnrin họ́kì, ni wọ́n fi ń pe pápá náà báyìí.

Ẹ má da èyí pọ̀ mọ́ ti 1911 o. Mo ti rí i tí àwọn èèyàn ń lù wọ́n pọ̀. Ti 1911 kì í ṣe Durand, IFA Shield ni, ìdíje mìíràn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Calcutta ní 1893. Mohun Bagan, ẹgbẹ́ Calcutta kan, ló gba ìyẹn ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, 1911. Wọ́n na East Yorkshire Regiment ní 2 sí 1, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì fi gbá a, àfi ẹnì kan ṣoṣo tó wọ bàtà. Òyìnbó ló kọ́kọ́ jẹ góòlù. Shibdas Bhaduri, balógun ikọ̀, dá a padà. Abhilash Ghosh wá gbá èkejì wọlé nígbà tí eré ń parí lọ. Títí di òní, wọ́n ń ṣe àjọyọ̀ ọjọ́ yẹn lọ́dọọdún.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ lásán yìí kò gbọdọ̀ yà wá lẹ́nu. Nígbà tí ikọ̀ Nàìjíríà lọ sí England ní 1949, ìyẹn ikọ̀ tí Teslim Balogun wà nínú rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà, òtútù ibẹ̀ ńkọ́! Lọ́dún tó ṣáájú, Íńdíà ti lọ sí Òlíḿpíìkì ní London, ọ̀pọ̀ nínú àwọn náà kò wọ bàtà, France ló fi 2 sí 1 nà wọ́n. Mo bá ìran tó ń gbá a bẹ́ẹ̀ láyé. Bọ́ọ̀lù aláwọ tó ti fa omi, tó wá ba ọmọ ìka ẹsẹ̀! Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò lè mọ̀ ọ́n.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀pù, nítorí ohun tí ò ń béèrè gan-an nìyẹn. Mẹ́ta ni ẹni tó bá gba Durand ń gbà. Àkọ́kọ́ ni kọ́ọ̀pù Durand fúnra rẹ̀. Èkejì, àwọn ará ìlú Shimla ló fi tọrẹ ní 1904. Ẹ̀kẹta ni ti Ààrẹ Íńdíà, Rajendra Prasad ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1956. Méjì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ti Ààrẹ ni ẹgbẹ́ ń gbé lọ pátápátá. Tí mo bá jẹ́ ìwọ, bí mo ṣe máa ṣe é nìyẹn: ọ̀kan tí kò gbọdọ̀ kúrò nílùú, ọ̀kan kékeré tí wọ́n á gbé lọ fi yọ ayọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi kọ́ọ̀pù ṣe ẹ̀ṣọ́ pálọ̀, á ní tirẹ̀.

ỌmọỌ̀mùò:

Tísà, ẹ ṣeun gan-an sà. Mo ti ń ka èyí fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Òótọ́ ni pé ó jẹ́ ìkẹta tó pẹ́ jù láyé? Mo rí i níbì kan. Ọmọ Nàìjíríà kankan ti gbá a rí?

Tísà Eré, Ìkẹ́rẹ́:

Àwọn ará Íńdíà fẹ́ràn láti máa sọ bẹ́ẹ̀. FA Cup England bẹ̀rẹ̀ ní 1871, ti Scotland ní 1873, wọ́n wá ka tiwọn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ti Wales bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ti Ireland ní 1881, ibo ni wọ́n gbé àwọn yẹn sí? Pé òun ló pẹ́ jù ní Éṣíà, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Ti ọmọ Nàìjíríà, jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ti gbé ibẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ajílósùn:

Ẹ ti pè mí nìyẹn. Mo gbé Kolkata nígbà tí ọkọ mi ń kàwé níbẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o, Tísà, ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé ológun ló ń gbé Durand ró. Ológun ní kọ́ọ̀pù lóòótọ́. Àwọn èèyàn ló ní ìdíje.

Ẹ wò ó, bí ti ológun bá tó, kí ló ṣe é ní Delhi? Nígbà tó ṣì wà níbẹ̀ láyé àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn ẹgbẹ́ ńlá kò kà á sí mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí Goa ní 2014. Ní 2015, kò sí. Wọ́n gbá a ní 2016, ní 2017 àti 2018 kò sí. Ológun wà níbẹ̀ o, ìwé wà ní ọ́fíìsì! Ìgbà tí wọ́n gbé e wá sí Kolkata ní 2019 ló mí padà. Lọ́dún yẹn, Gokulam Kerala, ẹgbẹ́ tí kò tíì dàgbà, wá na Mohun Bagan 2 sí 1 ní Kolkata níbẹ̀. Marcus Joseph, ọmọ Trinidad, ló jẹ góòlù méjèèjì. Inú ilé tí à ń gbé dà bí ilé òkú lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nítorí pé ọmọ Mohun Bagan paraku ni onílé wa.

Ẹ ò lè mọ ohun tí bọ́ọ̀lù jẹ́ fún àwọn èèyàn yẹn àfi tí ẹ bá bá wọn ra ẹja. Òtítọ́ ni mò ń sọ. Àwọn tó ń tẹ̀lé East Bengal, ẹgbẹ́ Kolkata tó ń bá Mohun Bagan figa gbága, ọ̀pọ̀ wọn ni ìdílé wọn wá láti ìhà ibi tó di Bangladesh. Ẹja ìlíṣì ni tiwọn. Àwọn Mohun Bagan, edé ńláńlá ni tiwọn. Tí East Bengal bá jáwé olúborí, ẹ má dé ìsọ̀ ẹlẹ́ja lọ béèrè ìlíṣì, owó rẹ̀ á ti fò. Mo ti fi etí ara mi gbọ́ ìyàwó onílé wa tó ń sọ pé edé kò gbọdọ̀ wọ ilé ìyá òun, nítorí bọ́ọ̀lù! Ẹgbẹ́ méjèèjì yìí ló gba Durand jù, Mohun Bagan 17, East Bengal 16. Ní 1960, àti ní 1982 pẹ̀lú, wọ́n gbá a títí, kò sẹ́ni tó borí, wọ́n ní kí wọ́n jọ pín in.

Ti 2024 ni mi ò lè gbàgbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti padà sílé. Wọ́n pa dókítà obìnrin kan ní ilé ìwòsàn ìjọba kan níbẹ̀ lóṣù Kẹjọ, lẹ́yìn tí wọ́n ti fipá bá a lò. Gbogbo ìlú dìde. Mohun Bagan àti East Bengal yẹ kó pàdé nínú Durand ní ọjọ́ 18 oṣù náà, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní ọlọ́pàá kò ní tó. Kí ni àwọn èèyàn ṣe? Àwọn aláwọ̀ ewé ti Mohun Bagan àti àwọn aláwọ̀ pupa ti East Bengal, tí wọn kì í jẹ ẹja kan náà, jọ lọ síwájú pápá Salt Lake, àwọn Mohammedan náà wá bá wọn, wọ́n jọ ń pariwo pé àwọn ń fẹ́ ìdájọ́ òdodo. Ọlọ́pàá tí kò ní tó fún bọ́ọ̀lù, wọ́n tó láti lé wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan rán fídíò rẹ̀ sí mi, mo sunkún.

Àwọn ọmọ wa? Wọ́n pọ̀ ní Íńdíà. Chima Okorie dé ibẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980, ó gbá fún Mohammedan, East Bengal àti Mohun Bagan, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Títí di ìgbà tí a wà níbẹ̀, tí bàbá arúgbó kan bá mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà ni ọ́, á ní "Chima!" Emeka Ezeugo, tó wà nínú ikọ̀ Super Eagles tó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1994, ti gbá níbẹ̀ rí. Ọmọ Yorùbá tiwa, Ranti Martins Soleye, jẹ góòlù 32 fún ẹgbẹ́ Dempo ti Goa nínú líìgì Íńdíà ní sáà 2011 sí 2012, Dempo ló sì gba líìgì náà.

Alájẹ́sì Ado:

Ẹ má gbàgbé ti 2022 tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Bengaluru na Mumbai City 2 sí 1, Sunil Chhetri tó jẹ́ balógun ikọ̀ wá gba kọ́ọ̀pù. Gómìnà West Bengal, ìpínlẹ̀ tí Kolkata wà, fi ọwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí kámẹ́rà lè rí òun. Mo ní hẹ̀n-ẹ́n, àṣé ará ilé ni àwọn èèyàn yìí.

Àgbẹ̀ Ìjerò:

Gbogbo yín ń yin kọ́ọ̀pù òyìnbó amúnisìn. Wọ́n yí Calcutta sí Kolkata, wọ́n yí Bombay sí Mumbai, Irwin gan-an wọ́n yọ ọ́ kúrò lára pápá, kí ló dé tí Durand ṣì jókòó síbẹ̀? Ó yẹ kó ti lọ tipẹ́.

Tísà Eré, Ìkẹ́rẹ́:

Àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ ní oríṣun. Ṣùgbọ́n wo tiwa. Kọ́ọ̀pù Gómìnà ni wọ́n ń pè é nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945, tí Marine gba àkọ́kọ́. Ó di Challenge Cup. Ó di FA Cup, ó di Federation Cup, ó di Aiteo Cup, ó tún padà di Federation Cup. Bi ọmọ ogún ọdún kan pé ta ló gba Challenge Cup, á ní ìdíje wo nìyẹn. Àwọn ará Íńdíà náà ń so orúkọ iléeṣẹ́ epo mọ́ tiwọn nítorí owó, wọn kò kàn yọ Durand ni. Níbi tí mo dé yìí, Durand yẹn kò tún jẹ́ èèyàn létí wọn mọ́. Wọ́n gbá ẹlẹ́ẹ̀kẹrìnléláàádóje ní 2025, NorthEast United gbà á lẹ́ẹ̀kejì léra, 6 sí 1 ni wọ́n na Diamond Harbour, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ láìpẹ́. Mi ò rò pé ẹnì kan níbẹ̀ ń ro ti òyìnbó Shimla.

Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ tiyín. Mi ò jiyàn ti Kolkata. Ṣùgbọ́n láàárín 2016 sí 2019 tí kò sẹ́ni tó ń wò ó, ẹnì kan ṣì di kọ́ọ̀pù náà mú fún yín. Bí kò bá sí i, kí ni ẹ fẹ́ gbé wá sí Kolkata?

Ìyá Ìbejì Ajílósùn:

Kọ́ọ̀pù tí ẹnì kan dì mú nínú àpótí, Tísà? Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀ ná. Ọmọ Ọ̀mùò, má jẹ́ kí wọ́n gbá a lọ́jọ́ ọjà nìkan. Jẹ́ kí àdúgbò kọjú sí àdúgbò, kí wọ́n lè fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi yípo.

ỌmọỌ̀mùò:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. A ti jókòó. A ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sára kọ́ọ̀pù, orúkọ ìlú ni. Ọ̀gá ilé-ìwé gírámà wa ti gbà kó wà ní ọ́fíìsì rẹ̀, kí ọ̀gá tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ fọwọ́ sí i pé òun bá a níbẹ̀. Kékeré tí wọ́n á gbé lọ, àwọn ìyálọ́jà ní àwọn á dá owó rẹ̀. Àdúgbò mẹ́jọ ló ti fi orúkọ sílẹ̀. Wọ́n ti ń jà báyìí lórí àwọ̀ jẹ́sì, àdúgbò méjì ló fẹ́ pupa.

Alájẹ́sì Ado:

Ẹ fún ọ̀kan ní pupa, kí ẹ fún èkejì ní pupa onílà funfun. Mo ní méjèèjì ní ìsọ̀ mi ní Ọjà Ọba. Owó lọ́wọ́ o, mi ò ta àwìn fún olóṣèlú, mi ò sì ní ta á fún ìgbìmọ̀.